Ẹ̀rọ Tí Ó Fẹ́ Ṣètò Ìlú, Ǹjẹ́ Ó Mọ Ọjọ́ Ọjà?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè kọ́kọ́ jọ ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ káńsù lójú yín, bí ẹni pé kò kan àwa tí èdè jẹ lógún. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì yíjú kúrò. Ètò ọrọ̀ ajé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àti àwọn ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tí àwọn kan ń gbà wá nímọ̀ràn pé kí a máa fi ṣe é. Èrò tèmi ni pé àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí lè wúlò fún wa gidigidi, ṣùgbọ́n bí a bá gbé ètò ìlú lé wọn lọ́wọ́ láìkọ́kọ́ kó ìmọ̀ tí ó wà lẹ́nu àwọn ọlọ́jà wa jọ ní èdè Yorùbá, ètò tí kò bá ìlú kankan mu ni wọn yóò máa kọ fún wa, owó ìlú ni a ó sì ná lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dúró ná. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà tí ó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ní ìjọba ìbílẹ̀ 137 nínú 774 tí ìwé òfin mọ̀: Ọ̀yọ́ ní 33, Ọ̀ṣun ní 30, Èkó àti Ògùn ní 20 ẹnì kọ̀ọ̀kan, Oǹdó ní 18, Èkìtì ní 16. N kò tíì ka àwọn ará wa tí ó wà ní Kwara àti Kogí. Àtẹ Kẹrin nínú ìwé òfin ọdún 1999 to iṣẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ. Ọjà, ibùdókọ̀ àti ilé ìpẹran wà lábẹ́ àkóso wọn. Èyí tí ó sì ṣáájú gbogbo rẹ̀ nínú àtẹ náà ni pé kí wọ́n máa gba ìpínlẹ̀ nímọ̀ràn lórí ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé ní agbègbè wọn. Ní ọdún 2004, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ètò tí a ń pè ní NEEDS jáde, wọ́n ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe SEEDS tirẹ̀, kí ìjọba ìbílẹ̀ náà sì ṣe LEEDS. Lẹ́yìn ogún ọdún, ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sí àpò wọn tààrà, kí àwọn gómìnà má fọwọ́ kàn án mọ́. Àríyànjiyàn lórí bí wọn yóò ṣe mú ìdájọ́ náà ṣẹ pọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, n kò sì ní tọrùn bọ̀ ọ́ níhìn-ín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tí ó bá ń retí owó ní láti ní ètò tí yóò fi í ṣe, àwọn aráàlú á sì bi í léèrè ètò náà.

Kíkọ irú ètò bẹ́ẹ̀ kò rọrùn. Ọ̀pọ̀ káńsù kò ní onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan ṣoṣo tí ó jókòó sí ọ́fíìsì. Tẹ́lẹ̀, wọn a gba àwọn onímọ̀ràn láti ìlú ńlá, àwọn yẹn a kọ ìwé gbàǹgbà ní Gẹ̀ẹ́sì, wọn a dì í dáradára, wọn a gbé e sínú àpótí. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni ChatGPT jáde, àwọn ẹ̀rọ mìíràn sì tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà wá, ìwé tí ó gba onímọ̀ràn ní oṣù mẹ́ta, ẹ̀rọ lè tò ó fún ọ kí omi tí o gbé kaná tó hó. Akẹ́kọ̀ọ́ ń fi í kọ àròkọ, akọ̀wé ń fi í kọ lẹ́tà. Ètò ìdàgbàsókè káńsù kò ní ṣàìbọ́ sínú agbada kan náà.

Mo dán an wò fúnra mi. Mo ní kí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà kọ ètò ọrọ̀ ajé ọlọ́dún márùn-ún fún ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Òkè-Ògùn. Ìwé tí ó kọ dùn ún kà, n kò ní purọ́. Ó ní kí wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ tí yóò máa sọ irè oko di ohun títà, kí wọ́n pe àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ wá, kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kí wọ́n bá àwọn aládàáni dòwò pọ̀, kí wọ́n sì ro àwọn obìnrin lágbára. Mo wá yọ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ náà, mo fi ọ̀kan ní Èkìtì rọ́pò rẹ̀. Orí òkè àti ìsun omi ni ó fi kún ti ìrìn-àjò afẹ́. Gbogbo ìyókù wà bí ó ṣe wà. Ẹ̀yin náà lè dán irú rẹ̀ wò pẹ̀lú ìlú tiyín. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹ̀rọ yìí ti ka ìwé ju gbogbo wa lọ, síbẹ̀ àlejò ni láàárín ìlú, nítorí pé ohun tí ó lè kà nípa ìlú náà kò tó nǹkan, Gẹ̀ẹ́sì sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Nísinsìnyí, mo fẹ́ mú ohun kan ṣoṣo tí gbogbo yín mọ̀, kí n fi hàn yín bí ọ̀rọ̀ èdè ṣe ń di ọ̀rọ̀ owó. Ọjọ́ ọjà ni.

Ọ̀pọ̀ ọjà wa, pàápàá ní àwọn ìlú kéékèèké àti ní ìgbèríko, ọrọọrún ni wọ́n ń ná wọn. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún ni. Bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, tàbí ẹ̀rọ tí ó kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, bá gbọ́ pé ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni ọjà kan, ohun tí yóò ṣe ni pé yóò fi márùn-ún pín 365, yóò sì rí i pé ìgbà 73 ni wọ́n ń ná ọjà náà lọ́dún. Irọ́ ni. Ìgbà 91 ni. Ìdí ni pé nígbà tí Yorùbá bá ń ka ọjọ́, a máa ń ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ná ọjà kan ní Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò tún ná an: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, ó pé márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí o bá wo ìyípo rẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni, nítorí Ọjọ́ Ẹtì yẹn náà ni ọjọ́ kìn-ín-ní ìkà tí ó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ mẹ́rin yìí ni ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa: Ọjọ́ Awo, Ọjọ́ Ògún, Ọjọ́ Jàkúta àti Ọjọ́ Ọ̀ṣẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tí àwọn ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ìkà kò dọ́gba níbi gbogbo.

Ìkà yìí kò fi ẹnu wa sílẹ̀ títí dòní. Bí òní bá jẹ́ Ọjọ́rú, Ọjọ́ Ajé ni ìjẹta, ẹ̀ta sì wà nínú orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ méjì péré ni ó wà láàárín òun àti òní bí a bá yọ ọ́ bí oníṣirò. Ọmọ tí a bí ní Ọjọ́ Àìkú, Ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e ni a ó sọ ọ́ lórúkọ, a ó sì pè é ní ọjọ́ kẹjọ. Bí ẹnì kan bá ní kí o padà wá ní ọjọ́ mẹ́jọ òní, o mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan ni ó ń wí. Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó ń ṣì í rò lẹ́nu. Ìgbà tí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè mìíràn ni ó ń di àṣìṣe.

Ẹ wá jẹ́ kí a fi owó sí i. Ẹ jẹ́ kí a kàn fi ṣe àpẹẹrẹ pé ọjà kan ní ìsọ̀ 500, tí káńsù sì ń gba 200 náírà lọ́wọ́ ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ ọjà. Ìyàtọ̀ láàárín ìgbà 73 àti ìgbà 91 jẹ́ ìgbà 18. Ìgbà 18 lọ́nà 500 lọ́nà 200 náírà jẹ́ 1,800,000 náírà lọ́dún, lórí ọjà kan ṣoṣo. Ní ọdún márùn-ún, ó ti di mílíọ̀nù mẹ́sàn-án. Nínú ìwé ètò, owó yìí kò sí. Ní ojú ọjà, àwọn ìyá wa san án. Níbo ni yóò wọlé sí? Ẹni tí ó ń já tíkẹ́ẹ̀tì mọ ọjọ́ ọjà dáadáa, ó sì mọ̀ pé ìwé ọ̀gá òun kò mọ̀ ọ́n. Ẹ ò rí i pé àṣìṣe inú ìtumọ̀ lè di ọ̀nà olè.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ó tó kí a kàn sọ fún ẹ̀rọ náà pé márùn-ún wa, mẹ́rin ni. Ọjà mìíràn wà tí ó jẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án, tí ìyípo rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ. Àwọn kan ti fi ìkà àtijọ́ sílẹ̀, wọ́n ti mú ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Bódìjà ní Ìbàdàn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ná an. Kò sí ọgbọ́n tí a lè fi mọ èyí tí ọjà kọ̀ọ̀kan ń ṣe ju pé kí a lọ bi ìyálọ́jà léèrè. Ìbéèrè náà kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ẹ̀rọ kankan kò sì lè bá wa bi í.

Ti Òkè-Ògùn tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan yẹn ń dùn mí síi nítorí Ìsẹ́yìn. Gbogbo wa mọ ohun tí a fi ń pe Ìsẹ́yìn: aṣọ òkè, sányán, àlàárì, ẹtù. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ètò ọrọ̀ ajé fún ibẹ̀, ẹ kò lè fi òfì sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò ṣàìdárúkọ rẹ̀ nígbà tí mo bi í nípa Ìsẹ́yìn fúnra rẹ̀. Ó pè é ní iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀, ó sì tò ó sí abẹ́ ìrìn-àjò afẹ́, bí ẹni pé ohun tí àlejò yóò wá fi ojú wò ni, nígbà tí ó jẹ́ pé òun ni iṣẹ́ tí àìmọye ilé fi ń jẹun. Ó ní kí wọ́n kọ́ ọjà ìgbàlódé kan fún àwọn ahunṣọ sí àárín ìlú. Ẹni tí ó bá mọ òwò náà yóò bi í pé: Òjé ńkọ́? Ọjà Òjé ní Ìbàdàn jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ibi tí a mọ̀ mọ́ títa aṣọ òkè láti ayébáyé, ìtàdógún ni a sì mọ ọjọ́ ńlá rẹ̀ sí. Ìtàdógún, ìyẹn ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ní ìkà tiwa, mẹ́rìndínlógún ní ìkà oníṣirò, ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin. Ahunṣọ tí ó ń retí Òjé, owó kì í wọlé fún un ní ìparí oṣù. Ìtàdógún ni ó ń wọlé. Bí káńsù bá wá yá a lówó, tí ó ní kí ó máa dá a padà ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọ̀ọ̀kan, oṣù kan á wà tí ọjọ́ ìsanwó yóò bọ́ sí àárín Òjé méjì, tí owó yóò ti di òwú lórí òfì. Wọn á ní ahunṣọ kì í san gbèsè. Ètò tí ó gbọ́n yóò so ọjọ́ ìsanwó mọ́ ọjọ́ ọjà. Ètò tí ó gbọ́n yóò sì mọ̀ pé apá kan ọrọ̀ ajé Ìsẹ́yìn wà ní Ìbàdàn, kò sí lábẹ́ àkóso alága Ìsẹ́yìn rárá.

Ọ̀rọ̀ owó yíyá yìí mú mi dé ọ̀dọ̀ àjọ àti èsúsú. Ẹ̀rọ pọ̀ wọ́n pọ̀ ni. Àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ó kà náà pọ̀ wọ́n pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí William Bascom ti kọ àpilẹ̀kọ odidi lórí èsúsú, ní ọdún 1952. Nínú èsúsú, àwọn ènìyàn kan á para pọ̀, wọn á máa dá iye kan náà, ẹnì kan á sì kó gbogbo rẹ̀ títí yóò fi yí gbogbo wọn ká. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o ti di ajẹgbèsè fún àwọn tí ó kù. Ẹni tí ó kó o kẹ́yìn ni ó ń yá gbogbo wọn lówó. Àjọ ní tirẹ̀, alájọ ni ó ń rìn kiri ojoojúmọ́ tí ó ń gba owó pamọ́ fún olúkúlùkù. Ní ìparí oṣù á dá owó oníkálukú padà, á sì mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí èrè iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ àdéhùn láàárín ẹgbẹ́, ìkejì jẹ́ ìfọkàntán nínú ẹnì kan. Bí alájọ bá sá lọ, ọjà odidi lè dojú dé. Bí ẹni tí ó ti kó èsúsú bá sá lọ, ẹgbẹ́ mọ ilé bàbá rẹ̀. Ètò tí ó bá fẹ́ dáàbò bo owó àwọn ọlọ́jà ní láti mọ èyí tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, nítorí pé oògùn tí ó wo ọ̀kan sàn kò ní wo ìkejì. (Èsúsú yìí kan náà ni àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé dé Trinidad, tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń pè é ní susu. Ó la òkun kọjá, kò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.)

N kò ní pẹ́ lórí ti òṣùwọ̀n. Ẹ ṣáà rántí pé kọ́ńgò ni a fi ń ta gàrí àti ẹ̀wà, pé kọ́ńgò tí ó ga gegele lórí yàtọ̀ sí èyí tí a gé ojú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, àti pé èènì wà. Àtẹ iye owó ọjà tí kò mọ èènì, iye tí oníbàárà ń san gan-an kò sí nínú rẹ̀.

Àmì ohùn ńkọ́? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń ráhùn pé àwọn olùkọ́ ń fi àmì ohùn yọ àwọn lẹ́nu, ẹ gbọ́ èyí. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà kan ní ìlú Ọ̀wọ̀, tí ó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lè kọ sínú ìwé rẹ̀ láìfi àmì kankan sí i: «owo owo Owo». Ẹni tí ó wà níbẹ̀ mọ̀ pé owó òwò Ọ̀wọ̀ ni. Ẹ̀rọ tí a fi ìwé náà bọ́ lè kà á sí owó, kí ó kà á sí ọwọ́, kí ó kà á sí ọ̀wọ̀ tí a ń bù fún àgbà, tàbí kí ó kà á sí ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀. Púpọ̀ nínú Yorùbá tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kò ní àmì, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó wà nínú ìwé àwọn ẹgbẹ́ wa. Nígbà tí àkọsílẹ̀ kò bá dájú, ẹ̀rọ á méfò, kò sì ní sọ fún ọ pé òun ń méfò. Ohùn kan náà ni yóò fi bá ọ sọ òótọ́ àti èyí tí ó hùmọ̀.

Ẹ má ṣe kà mí mọ́ àwọn tí ó ní kí a sọ ẹ̀rọ náà sódò. Mo ti rí i pé iṣẹ́ kan wà tí ó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Bí o bá kó àkọsílẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ọdún mẹ́ta fún un, tí ó sì pé, ó lè sọ fún ọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ọjà tí owó rẹ̀ ń jò. Ó lè gbé ètò ìṣúná ọdún mẹ́wàá kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ó tọ́ka sí àwọn iṣẹ́ tí a ń kọ sílẹ̀ lọ́dọọdún tí a kò sì ṣe. Alága tí ó bá fẹ́ ojúlówó ìmọ̀ràn lè ní kí ó ta ko ètò òun, kí ó wá ibi tí kò ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nínú gbogbo èyí, ohun tí a kó fún un ni ó ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ìgbà tí a kò bá kó nǹkan kan fún un ni ó ń hun ìtàn. Ohun tí ìjọba gan-an ní lọ́wọ́ kò sì tó: ọdún 2006 ni a ka ènìyàn kẹ́yìn ní Nàìjíríà, wọ́n sún èyí tí wọn ìbá ṣe ní ọdún 2023 síwájú. Ọmọ tí a bí ní ọdún tí a ka ènìyàn yẹn ti dàgbà tó ẹni tí ń dìbò.

Àwọn kan yóò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ọ́fíìsì, pé kí ni a fẹ́ fi Yorùbá ṣe nínú ètò ọrọ̀ ajé. Ìwé òfin kò fara mọ́ wọn tó bí wọ́n ṣe rò. Abala 97 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fún àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti fi èdè ìlú wọn kún Gẹ̀ẹ́sì nínú ìjókòó wọn, bí wọ́n bá fọwọ́ sí i. Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó gba gbogbo ẹ̀yà mọ́ra, ṣe òfin tí ó dáàbò bo èdè Yorùbá ní ọdún 2018. Àwọn mìíràn yóò ní ẹ̀rọ ti ń gbọ́ Yorùbá báyìí. Òótọ́ ni, ó ń gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni Google ti ń túmọ̀ Yorùbá. Ìjọba àpapọ̀ náà kéde ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 pé àwọn yóò ṣe ẹ̀rọ èdè tiwa, wọ́n sì gbé èyí tí wọ́n pè ní N-ATLAS jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n gbígbọ́ èdè yàtọ̀ sí mímọ ìlú. Ẹ̀rọ lè sọ Yorùbá tí ó já geere kí ó má sì mọ ọjọ́ ọjà yín.

Ọ̀rọ̀ «ìdàgbàsókè» tí a ń lò yìí tilẹ̀ ń kọ mí lóminú nígbà mìíràn. Ọmọ ni ó ń dàgbà sókè. Ọjà kì í ga, fífẹ̀ ni ó máa ń fẹ̀. Nígbà tí J.D.Y. Peel lọ bi àwọn ará Iléṣà léèrè ohun tí wọ́n ń pè ní ìlọsíwájú, «ọ̀làjú» ni ọ̀rọ̀ tí ó bá bọ̀, ó sì kọ àpilẹ̀kọ lé e lórí ní ọdún 1978. Nínú ọ̀làjú, òwò, ìrìn-àjò àti ìwé kíkà wà pọ̀. Bí a bá bi àwọn ọlọ́jà ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí ìlú wọn dà, ní ọ̀rọ̀ tiwọn, mo fura pé a ó gbọ́ ohun tí kò sí nínú àtẹ onímọ̀ràn kankan.

Ta ni yóò wá bi wọ́n? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dọọdún ni àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ Yorùbá ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ jáde, ìbéèrè kan náà ni àwọn ẹbí sì ń bi wọ́n: kí ni o fẹ́ fi Yorùbá ṣe jẹun? Mo ní kí káńsù kọ̀ọ̀kan gba méjì nínú wọn sí ẹ̀ka ètò. Kí wọ́n lọ jókòó ti ìyálọ́jà, bàbálọ́jà, àwọn alájọ, àwọn ahunṣọ, àwọn awakọ̀. Kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn. Kí wọ́n ṣàlàyé òṣùwọ̀n, ọjọ́ ọjà àti orúkọ ọjà kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń pè é níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀ka èdè ibẹ̀.

Ohun kan wà tí ó ń bà mí lẹ́rù nínú ìmọ̀ràn tèmi yìí, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín. Àwọn ìyá ọlọ́jà kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ní ìdí tí wọn kì í fi sọ iye tí ó wà nínú èsúsú wọn fún ẹni tí ó wá láti káńsù. Ẹni tí ó mọ iye tí o ń pa lónìí lè fi owó orí kún tìrẹ lọ́la. Bí a bá kó gbogbo ìmọ̀ ọjà sínú ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà, a kò mọ ẹni tí yóò tún lò ó. Nítorí náà, mo gbà pé kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà fúnra wọn ni ohun tí a bá gbà sílẹ̀, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n ní àṣẹ láti sọ pé èyí lè jáde, ìyẹn kò gbọdọ̀ jáde. A kò gbọdọ̀ kọ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ iye owó rẹ̀. Bí káńsù kò bá lè ṣe àdéhùn yìí, mo rò pé kí àwọn ìyá wa pa ẹnu wọn mọ́, kí ètò náà máa jẹ́ aláìpé nìṣó.

Tí ètò bá sì ti wà nílẹ̀, yálà ènìyàn ni ó kọ ọ́ tàbí ẹ̀rọ, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá tí ó yé ni, kí wọ́n kà á sétí àwọn ènìyàn ní ọjọ́ ọjà, lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kí rédíò ìlú náà sì tún un kà. Ẹ ó rí i pé kí wọ́n tó ka ojú ewé kejì tán, ẹnì kan láti ìdí igbá ata á ti nàgà sókè pé irọ́ ni, ọjà wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn ìyá yẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀.

Bí káńsù tiyín bá gbé ètò tuntun jáde lọ́dún yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ bèèrè fún ẹ̀dà kan. Ẹ ṣí i sí ibi tí wọ́n ti ṣírò owó tí yóò wọlé láti ọjà, kí ẹ wo iye ìgbà tí wọ́n ní wọ́n ń ná an lọ́dún. Bí ẹ bá bá 73 níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.